Bẹ́líìtì gìtá tó gùn jù lè ṣe àkóbá fún ọrùn ọwọ́

Lójú ọ̀pọ̀ òǹwòran, atagìtá béèsì tí gìtá rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ dé itan ni ó gbayì jù lórí ìtàgé. Àmọ́ ohun tó dùn ún wò lè di ìnira fún ọwọ́, nítorí pé bí bẹ́líìtì tí a fi gbé gìtá kọ́ èjìká bá ṣe gùn tó wà lára ohun tó ń pinnu bí ọrùn ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ tó.

Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé gìtá béèsì tó ń jẹ́ Precision jáde ní Amẹ́ríkà. Okùn irú gìtá bẹ́ẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 86, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wúwo tó kílógíráàmù 4. Ní àwọn ọdún 1970, Dee Dee Ramone ti ẹgbẹ́ Ramones àti Peter Hook ti ẹgbẹ́ Joy Division gbajúmọ̀ fún gìtá tó rọ̀ wálẹ̀. Mark King ti ẹgbẹ́ Level 42, tó ń fi àtàǹpàkò gbá okùn, ní tirẹ̀ gbé e sókè súnmọ́ àyà.

Bí gìtá bá wà nísàlẹ̀ jù, ọwọ́ tó ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ká kọrọdọ kí ìka tó lè dé ibi tó yẹ. Nínú ọrùn ọwọ́, ọ̀nà tóóró kan wà tí iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka ń gbà kọjá, pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára tó ń ṣiṣẹ́ fún àtàǹpàkò àti àwọn ìka tó tẹ̀ lé e. Bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ pẹ́, ọ̀nà náà yóò fún, yóò sì máa fún iṣan ìmọ̀lára náà pọ̀.

Kì í ṣe pé kí a wá fà á sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Bí gìtá bá ga jù, ọwọ́ kejì tó ń ta okùn ni yóò tẹ̀, èjìká yóò sì máa gbé sókè.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ìwọ̀n tó yẹ ni kí atagìtá kọ́kọ́ jókòó, kí ó gbé gìtá lé itan, kí ó sì ṣàkíyèsí ibi tó wà sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣe bẹ́líìtì náà kí gìtá má kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá dìde. Kí orí gìtá gbé sókè díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní títọ́. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ dára ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí pé ó ń pín ìwúwo ká èjìká.

Àwọn tó ń ta béèsì nílé ìjọsìn tàbí lóde àríyá fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní láti máa sinmi lóòrèkóòrè. Bí ìka bá ń ta yinrinyinrin, tó ń kú tipiri lóru, tàbí tí ọwọ́ kò lágbára láti di nǹkan mú mọ́, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọwọ́ ni irinṣẹ́ olórin.