Ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin tí àwọn àgbà inú rẹ̀ ti lọ tán?

Ní oṣù Kìíní ọdún 1974, àwọn ará Amẹ́ríkà sanwó láti wo Fleetwood Mac, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì láti London. Nínú gbogbo àwọn tó bọ́ sórí ìtàgé, kò sí ẹnì kan tó bá wọn ṣe àwo orin rí. Clifford Davis tó jẹ́ màníjà wọn ló ṣa àwọn olórin mìíràn jọ. Ó ní òun lòun ni orúkọ náà, ẹni tó bá sì wu òun lòun lè fún ní orúkọ ọ̀hún jẹ. Inú bí èrò, àwọn olórin gan-an gba ilé ẹjọ́ lọ, eré náà sì dàrú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún, àmọ́ òde òní gan-an ló wá gbóná. Àwọn tó gbé orin rọ́ọ̀kì dé ìta gbangba láàárín ọdún 1960 sí 1980 ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ ti kú, orúkọ ẹgbẹ́ wọn sì ṣì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ta wá ni èèyàn ń lọ wò?

Ìtàn Fleetwood Mac fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tó tó. Peter Green, ọ̀gá onígìtá, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1967. Òun ni gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá, síbẹ̀ kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ti Mick Fleetwood onílù àti ti John McVie tó ń ta gìtá béèsì ló so pọ̀. McVie ò tilẹ̀ tíì gbà láti wá nígbà yẹn! Ó jọ pé ara ohun tí wọ́n fi fà á mọ́ra nìyẹn. Nígbà tó di 1970, Green fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jeremy Spencer, onígìtá mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà, jáde ní òtẹ́ẹ̀lì ní Los Angeles bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, kò padà mọ́. Inú ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan ni wọ́n ti rí i. Ní 1972, Danny Kirwan tóun náà jẹ́ onígìtá fọ́ gìtá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò bọ́ sórí ìtàgé. Wọ́n lé e.

Gbogbo onígìtá tó sọ ẹgbẹ́ di olókìkí ti lọ tán. Nígbà tó yá, ó wá ku onílù, oní-béèsì àti Christine, ìyàwó McVie, tó ń tẹ dùùrù. Wọ́n ti kó lọ sí Los Angeles nígbà yẹn, wọ́n wá mú olórin méjì, Lindsey Buckingham àti Stevie Nicks, mọ́ra, orin wọn sì yí padà pátápátá. Àwo Rumours tí wọ́n ṣe ní 1977 tà ju mílíọ̀nù ogójì lọ. Ẹni tó bá ní àwọn ti 1967 nìkan ni ojúlówó, á jẹ́ pé ayédèrú ni Rumours nìyẹn. Ta ló máa gbà á lẹ́nu rẹ̀?

Kí ló wá mú ti Davis yàtọ̀ sí ti Buckingham àti Nicks, nígbà tó jẹ́ pé àlejò ni gbogbo wọn? Lójú tèmi, ẹni tó mú àlejò wọlé ni. Fleetwood àti McVie wà nídìí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣeré. Orí àga ọ́fíìsì ni Davis ti yan tirẹ̀.

Ti Lynyrd Skynyrd, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì àwọn ọmọ Jacksonville ní Florida, ló le jù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú wọn já ní Mississippi. Ó pa Ronnie Van Zant tó jẹ́ olórí akọrin, Steve Gaines onígìtá, Cassie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó máa ń gberin, àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Nígbà tí àwọn tó yè padà ní 1987, Johnny àbúrò Ronnie ló dúró níwájú. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n opó Ronnie pe ẹjọ́, àdéhùn ilé ẹjọ́ ti 1988 sì fi gbèdéke lé e: wọn ò gbọdọ̀ lo orúkọ náà láìsí iye kan lára àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú ìjàm̀bá. Gary Rossington tó ṣẹ́kù nínú àwọn olùdásílẹ̀ kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣì ń ṣeré kiri.

Irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ nílé wa náà. Fẹlá, olórin Afrobeat, kú ní Èkó ní 1997, Ṣeun ọmọ rẹ̀ sì gba Egypt 80, ẹgbẹ́ olórin bàbá rẹ̀, lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ṣòro láti pè é ní ayédèrú, torí Lékan Animashaun, tó ti ń bá Fẹlá ṣeré látìgbà Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fẹlá àtijọ́, ṣì wà lẹ́yìn ọmọ náà nígbà yẹn.

Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ ran olùgbọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ àtijọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tó wà nínú àwo wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá forúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lè yọ nínú òfin yìí, kó kó ẹni tó bá wù ú jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má wo orúkọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tó máa dúró lórí ìtàgé kẹ́ ẹ tó sanwó.