Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wá Sílé: Ẹ Jẹ́ Kí Ìwé Wà Lọ́wọ́ Aláìsàn

Ẹ̀yin ará wa ní Sábọ̀n Gàrí níbí ní Kánò, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú mìíràn lórí gúrúùpù yìí, Àlájì alága wa ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú èèyàn nílé, torí ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń rò.

Ẹ mọ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàtà ló bó àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Tí ṣúgà bá ti pọ̀ lára fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń ba iṣan tí a fi ń mọ ìrora jẹ́. Èèyàn lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tó ń wo egbò sàn lọ síbẹ̀. Bí egbò kékeré ṣe ń di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ gé ẹsẹ̀ nìyẹn.

Dókítà ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kí n máa wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, kí n tò sórí ìlà, kí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì? Ọmọ mi bá wá iléeṣẹ́ kan tó máa ń rán nọ́ọ̀sì sílé. N ò ní dárúkọ wọn. Owó oṣù kan gbáko ni wọ́n gbà kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni.

Ẹni àkọ́kọ́ mọṣẹ́, Ọlọ́run bù kún un. Á fi ọṣẹ fọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, á béèrè iye tí ṣúgà mi jẹ́ láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ò rí i mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni 5 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọlé mi. Ọ̀kan dé ní aago 9 alẹ́, kò sí iná, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọ̀kan fi ìbọ̀wọ́ tó fi ṣílẹ̀kùn kan ojú egbò. Ẹni kan da hydrogen peroxide sí i, ó ń hó yaya. Ẹni kejì ní àyódìn ló dáa. Ẹni kẹta ní ká lọ ra oyin. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé kí ni ẹni ìjẹta lò. Ṣé èmi tí n ò lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ ara mi ló yẹ kẹ́ ẹ bi? Àwọn kan ò gbọ́ ju Hausa lọ, Hausa tèmi sì rèé, nawa ne, a rage, ti ọjà ni. Kò dé ibi tí mo fi lè ṣàlàyé ara mi.

Ohun tó ń fa wàhálà náà nìyí. Ní ọsibítù, fáìlì wà: ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì á ṣí i kà. Nílé, kò sí nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó bá dé, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ra ìwé olójú ewé 60, irú èyí tí a fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Mo ní kí dókítà kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n lò sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó buwọ́ lù ú. Normal saline ló kọ, omi oníyọ̀ tí ilé oògùn ń tà. Ó ní peroxide yẹn ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ hù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wá á kọ ọjọ́, ohun tó lò, bí egbò ṣe fẹ̀ tó ní sẹ̀ǹtímítà, iye ṣúgà mi, àti orúkọ ara ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan kọ̀, kò fẹ́ kọ orúkọ. Mo ní níbo lo ti kọ́ṣẹ́? Ilé oògùn ẹnì kan ni. Auxiliary ni wọ́n ń pe àwọn yẹn, wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Nursing and Midwifery Council ló ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, ọdún 3-3 ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Àwa tí a kì í gba ọjà láì tú u wò, kí ló dé tójú ń tì wá? Owó náà, ìgbà tí wọ́n bá wá ni kẹ́ ẹ máa san.

Tí egbò bá ń rùn, tó dúdú, tí pupa rẹ̀ ń ràn lọ sókè, tàbí tí ibà ń ṣe yín, ẹ má dúró de nọ́ọ̀sì kankan. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà.

Tèmi ti kù sẹ̀ǹtímítà 2, ó jẹ́ 5 nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ìbéèrè yín lálẹ́ àná nípa màmá yín tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ẹ ra ìwé tiwọn náà. Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí 2-2, tọ̀sán-tòru, kí ibi tí wọ́n fi lélẹ̀ má baà dá egbò, kẹ́ ẹ sì máa kọ aago sílẹ̀, kí ẹni tó jí lóru lè mọ ẹ̀gbẹ́ tó kàn.