Rẹ́jísítà Tó Wà Nínú Sáfà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ripọ́ọ̀tù Tó Wà Nílẹ̀

Nínú ìsinmi gígùn tó kọjá, bọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo wá kí wa nílé ní Ilé-Ogbó níbí. Inú ẹ̀ ò dùn rárá. Ẹni tó ń bójú tó ripọ́ọ̀tù níbi iṣẹ́ wọn ti fẹ̀yìn tì, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀gá wọn wá ní kí bọ̀dá mi kọ orúkọ gbogbo ripọ́ọ̀tù tí wọ́n ní, kó sì pa èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ò kàn ní máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

Ó ní, "Wọ́n ju 300 lọ. Ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣí i tán? Sáfà ni màá bi."

Kí ni ó fẹ́ bi sáfà? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Report server ni kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ripọ́ọ̀tù fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye owó tó wọlé lóṣù kan á tẹ orúkọ ripọ́ọ̀tù, sáfà á kó nọ́ńbà jọ, á sì tò wọ́n fún un. Èyí tí wọ́n ń lò níbi iṣẹ́ bọ̀dá mi ni SQL Server Reporting Services ti Microsoft, tó kọ́kọ́ jáde ní 2004.

Sáfà yìí ní rẹ́jísítà tirẹ̀, bí olùkọ́ kíláàsì wa ṣe ní. Inú database tó ń jẹ́ ReportServer ló wà, orúkọ tébù náà sì ni Catalog. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Name ni orúkọ, Path ni fódà tó wà, CreationDate ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ModifiedDate ni ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn. Type ló ń sọ irú ohun tó jẹ́: 1 ni fódà, 2 ni ripọ́ọ̀tù. Irú àkọsílẹ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní metadata. Kì í ṣe ripọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ripọ́ọ̀tù ni, bíi káàdì tó ń sọ ibi tí ìwé wà ní láíbìrì.

Ohun tí bọ̀dá mi tẹ̀ rèé:

SELECT Name, Path, CreationDate, ModifiedDate
FROM Catalog
WHERE Type = 2

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: mú orúkọ, fódà àti ọjọ́ méjèèjì wá láti inú Catalog, ṣùgbọ́n ripọ́ọ̀tù nìkan ni kó o mú wá. Kí n tó mu omi tán, gbogbo orúkọ ti jáde! Ó kìlọ̀ fún mi pé kíkà nìkan ni èèyàn ń ka tébù yẹn, a kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, kí sáfà má baà dàrú.

Ó kù kó mọ èyí tí wọn ò lò mọ́. Ó wo ibòmíràn tó ń jẹ́ ExecutionLog3, tó ń sọ ẹni tó ṣí ripọ́ọ̀tù àti ìgbà tó ṣí i. Ó rí bíi 40 tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ó ti fẹ́ máa pa wọ́n rẹ́. Mo wá bi í pé, "Látìgbà wo ni ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀?" Ó wò ó: 60 ọjọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni Microsoft ṣe ń gbé e kalẹ̀, àfi téèyàn bá yí i padà.

Mo ní, "Oṣù kẹjọ la wà yìí. Ripọ́ọ̀tù ìparí ọdún ńkọ́?"

Bọ̀dá mi dákẹ́. Ó pe bàbá tó fẹ̀yìn tì yẹn lórí fóònù. Òótọ́ ni: mẹ́ta nínú wọn, oṣù kejìlá nìkan ni wọ́n ń ṣí wọn. Ká ní ó ti pa wọ́n rẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá di ẹkún.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn. Rẹ́jísítà á sọ ohun tó wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìwúlò rẹ̀. Ẹ bi sáfà, kí ẹ sì bi àgbà.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Kí ìjọba tó dá ilé ìpamọ́ ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954, èyí tí a mọ̀ sí National Archives lónìí, Kenneth Dike, onímọ̀ ìtàn, kọ́kọ́ kiri àwọn ọ́fíìsì láti wo ìwé tó wà níbẹ̀ àti ipò tí wọ́n wà. Ó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀ ná.

Àwa náà ńkọ́? Ta ló mọ iye ìwé ìròyìn ara ògiri tí ẹgbẹ́ wa ti lẹ̀ mọ́bí? Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti ra ìwé kan: àkọlé, ọjọ́, ẹni tó kọ ọ́, ibi tó wà. Ẹni tó bá ní èyí tó ti pẹ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ó máa bi yín léèrè o.