LÓRÍ KẸ̀KẸ́ LẸ́BÀÁ OMI TÍ KÒ NÍ ÀÀLÀ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin a yára dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí lọ́nà kì í pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi háyà kẹ̀kẹ́ ológeere ní Wasserburg, ìletò kan ní etí adágún omi Bodensee ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, tí a sì pinnu láti fi odindi ọjọ́ kan gùn ún lọ sí ìlú Bregenz ní ilẹ̀ Ọ́síríà. Ọ̀nà náà kò tó kìlómítà 20. Ẹni tí ó bá kánjú yóò dé ibẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀; àwa kò kánjú.

Kí a tó kúrò ní ìletò náà ni kẹ̀kẹ́ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bíréèkì kan wà lọ́wọ́, èkejì sì wà ní ẹsẹ̀: bí a bá wa kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn díẹ̀, yóò dúró gbagidi. Àwa tí ó ti mọ́ lára láti máa fi ẹsẹ̀ ṣeré sẹ́yìn bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgbà méjì ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbálẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé tí ń rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti gba àárín ọgbà ápù àti ọgbà àjàrà lọ, tí omi wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, tí àwọn òkè gíga sì dúró ní òdìkejì. Nígbà mìíràn ọgbà àwọn ọlọ́rọ̀ a bo omi mọ́ wa lójú. Bí a bá tún yà síwájú díẹ̀, yóò tún yọ sí wa, tí ó ń dán bí abọ́ fàdákà.

Kí ó tó di ọ̀sán a dé Lindau, ìlú àtijọ́ tí ó wà lórí erékùṣù. Ní ẹnu èbúté rẹ̀ ni ère kìnnìún kan jókòó sí láti 1856, tí gíga rẹ̀ tó mítà 6, tí ó sì kọjú sí omi. Kìnnìún ni àmì ilẹ̀ Bavaria, ẹni tí ó bá sì rí i yóò rò pé ohun ìní ọba ni ó ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni omi náà? Jámánì, Swítsálándì àti Ọ́síríà ni ó yí i ká. Lórí ilẹ̀, ààlà wọn hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ní apá tí ó gbòòrò jù lọ nínú adágún náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tí ì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà kankan títí di òní.

Ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kì í pẹ́ tí kì í fi í ní olùtọ́jú. Bí ó ti fẹ́ rí níbẹ̀ náà nìyẹn. Ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, ọṣẹ ìfọṣọ àti ajílẹ̀ oko ń ṣàn sínú adágún náà. Èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí ń mú ewéko wẹ́wẹ́ hù jù nínú omi, ju máíkírógíráàmù 80 lọ nínú lítà kan ní nǹkan bí 1980. Ṣùgbọ́n láti 1959 ni àwọn aládùúgbò náà ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n ná owó ńlá sórí ilé iṣẹ́ tí ń fọ omi ẹlẹ́gbin kí ó tó dé adágún. Lónìí èròjà náà kò tó 10, àwọn ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ, títí dé ìlú Stuttgart, sì ń mu nínú omi náà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Síbẹ̀ oore náà kò ṣàì ní ìnira tirẹ̀. A béèrè ẹja Felchen nílé oúnjẹ, èyí tí adágún náà fi lókìkí. Wọ́n ní kò sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni a ti fi òfin dẹ́kun pípa á fún ọdún 3, nítorí ó ti ṣọ̀wọ́n jù. Àwọn apẹja wí pé omi ti mọ́ jù fún ẹja láti rí oúnjẹ jẹ. Àwọn mìíràn dá ẹyẹ apẹja lẹ́bi, àti ìkarawun àjèjì kan tí a kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ní 2016. Àwa kò lè ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n àánú apẹja tí ó fi àwọ̀n kọ́ ṣe wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ a gun kẹ̀kẹ́ kọjá odò Leiblach lórí afárá kan. Ìhín ni Jámánì, ọ̀hún ni Ọ́síríà. A ti fọwọ́ kan ìwé ìrìnnà wa nínú àpò, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ẹrù kọjá aṣọ́bodè ní Ìdí-Ìrókò rí yóò mọ ìdí tí a fi bọ́ sílẹ̀ láti wẹ̀yìn wò.

Oòrùn ń rọ̀ nígbà tí a dé Bregenz, lábẹ́ òkè Pfänder. Níbẹ̀ ni pèpéle ńlá kan wà lórí omi fún eré orin. Ní 1946, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, orí ọkọ̀ akẹ́rù méjì tí a so mọ́ etí omi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré náà. A jókòó ti omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì gbé kẹ̀kẹ́ wa sínú ọkọ̀ ojú irin padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀sà Èkó náà kì í ṣe ti ẹnìkan. Bí a bá tún fẹ́ da pàǹtí sínú gọ́tà, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí gọ́tà náà ń lọ.