Ta Ni Yóò Sanwó Dìgírì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò?

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Amẹ́ríkà kì í kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ń bẹ níbẹ̀, àgbàlagbà tó padà sídìí ìwé ń bẹ níbẹ̀, àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú náà kò gbẹ́yìn, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láti 1901 tí Joliet Junior College ti bẹ̀rẹ̀ ní Illinois, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dìgírì yóò kọjá sí yunifásítì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já. Yunifásítì lè jìnnà sílé, owó rẹ̀ sì lè kọjá agbára. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin Florida fi gbà ní 2001 pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní St. Petersburg máa fúnni ní dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin. Texas ṣe tirẹ̀ ní 2003, Washington ní 2005. Ìpínlẹ̀ tó ti gbà á láàyè báyìí lé ní ogún.

Àṣẹ ti wà, ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọdún kẹta àti ìkẹrin ń fẹ́ olùkọ́ tó kàwé jinlẹ̀ sí i, láàbù tó péye, àti owó àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́.

Ẹ wo California. Ní 2014, wọ́n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì 15 láyè láti dán an wò. Ní 2021, òfin mìíràn sọ ọ́ di ohun tí yóò wà títí, pẹ̀lú àyè fún ẹ̀kọ́ tuntun tó tó 30 lọ́dún. Dọ́là 46 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń san lórí yúníìtì kan. Tó bá dé ìpele òkè, ìyẹn ọdún kẹta àti ìkẹrin, wọ́n á fi dọ́là 84 lé e lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ṣírò yúníìtì 120, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,560 fún ọdún mẹ́rin. Ìjọba ló ń gbé èyí tó kù. Síbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọ́dọ̀ dá ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ìjọba ti ń kọ́ni sílẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún dìgírì nọ́ọ̀sì ní 2024, Gómìnà Gavin Newsom kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ó dùn mí, nítorí nọ́ọ̀sì ni àwọn ilé ìwòsàn ń wá kiri.

Arizona gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ náà yọ ọwọ́ ìrànwọ́ rẹ̀ pátápátá kúrò lára kọ́lẹ́ẹ̀jì Maricopa àti Pima. Ní 2021, ó wá fún wọn láṣẹ dìgírì. Owó orí dúkìá àti owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ni wọ́n fi ń gbé e.

Àwọn yunifásítì ń ráhùn pé owó kan náà ni wọn yóò jọ pín. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, yunifásítì kò rí wọn rárá. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kò bá gbà wọ́n, ilé ni wọn yóò jókòó sí. Bí ìjọba bá sì di ẹrù owó náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, ilé náà ni wọn yóò padà sí.

Kí àwọn aṣòfin tó bá tún fẹ́ ṣe irú òfin yìí kọ iye tí ìpínlẹ̀ yóò san lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ bá gómìnà.