Ojúṣe Àlejò Lójú Ọ̀nà Ọ̀fàdà

Àwọn àgbà ní rírìn jìnnà ni í mú kí ènìyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ti ń pa ni lẹ́rìn-ín tó, ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ń gbà wá pé kí á máa jáde nílé. Ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ṣe òfin fún ẹni tí ń rin ìrìn-àjò, wọ́n sì ṣe òfin fún ẹni tí arìnrìn-àjò yóò yà sí ilé rẹ̀. Láyé òde òní, òfin ti onílé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rántí. Bí ará ìlú bá ti oko dé, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa ráhùn pé àwọn ará oko kò mọ àlejò ṣe mọ́, pé wọn kò bu omi fún ènìyàn mọ́, pé ìfura ni ó kún ojú wọn. Ẹ̀yin olùkàwé wa, òótọ́ wà nínú ìráhùn yìí, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìrìn-àjò kan tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta rìn láti Mówè ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ojú títì ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Mówè àti Ìbafò. Gígùn títì náà tó kìlómítà 127, ọdún 1978 ni ìjọba sì ṣí i. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kò ṣe wá láǹfààní. Síbẹ̀ ó kọ́ wa ní ìwà kan tí àwọn baba wa kò mọ̀, èyíinì ni kí ènìyàn la ìlú kọjá láìwọ ìlú. Ẹni tí ń sáré lórí títì kò rí ẹni tí yóò kí, kò sì sí ẹni tí yóò kí i. Ìlú ti di orúkọ tí agbèrò ń ké ní ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yà kúrò lórí títì ní Mówè, tí ó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀fàdà, yóò tún bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí ń wo ojú ẹni tí ń kọjá.

Àwa mẹ́rin ni a jọ lọ. Àgbà wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn, ọmọ Ìbàdàn ni, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnì kejì jẹ́ ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, olùkọ́ èdè Faransé. Ẹni tí ó kéré jù, tí a ń pè ní Àbúrò, ni ó ni ọkọ̀, òun ni ó sì ń wà á. Èmi ni ẹnì kẹrin. Ìlànà wa ni pé kí á gba Ọ̀fàdà lọ sí Òwódé, kí á já sí Abẹ́òkúta, kí á wá sọ̀kalẹ̀ gba Ewékorò dé Pápálántò, níbi tí ará Kétu yóò ti yà lọ sí ilé rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí, Ẹ̀gbọ́n gbàdúrà pé kí ọ̀nà là. Láyé àtijọ́ à bá ti bọ Ògún. Lónìí orúkọ Jésù àti orúkọ Allah ni a fi ń ṣí ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ náà kò sì yàtọ̀.

Ìrìn-àjò àwọn baba wa kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan ń dá rìn. Àwọn oníṣòwò a máa dúró de ara wọn títí wọn yóò fi di ọ̀wọ́, nítorí ogun àti nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Bí ọ̀wọ́ bá pín sí méjì, àwọn tí ó ṣíwájú a já ewé tútù sí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò gbà, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà ní oríta. Ní ẹnu bodè ìlú ni oníbodè wà, tí yóò gba owó bodè, tí yóò sì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn kan rò pé nítorí owó nìkan ni ó ṣe jókòó síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu rẹ̀ ni ọba ti ń mọ irú ẹni tí ó wọ ìlú. Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnu bodè àtijọ́ ti ìlú Kétu, ṣì dúró títí di òní, ọ̀rẹ́ wa kò sì jẹ́ kí etí wa sinmi lórí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Bí ebi bá pa arìnrìn-àjò, àṣà gbà á láyè láti wọ oko olóko, kí ó wa iṣu kan, kí ó sun ún, kí ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá gbé iṣu jáde kúrò nínú oko, olè ni. Àwọn obìnrin a pàtẹ èso sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọn a kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í ní iye owó ẹyọ tí wọ́n fẹ́ gbà, wọn a sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n bá darí dé ní ìrọ̀lẹ́, wọn a bá owó wọn nílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá rò pé àsọdùn àwọn àgbà ni èyí, kí ó ka ẹ̀rí Hugh Clapperton, ará Scotland, tí ó gbéra láti Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, tí ó gba ilẹ̀ tí à ń pè ní Yewa lónìí lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ti rin máìlì 60 ní ọjọ́ 8, pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, àwọn aláàárù sì ti gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn tó nǹkan bí ìgbà 10, síbẹ̀ ohun tí iye rẹ̀ tó ṣílè kan kò sọnù. Èmi a máa ka ibẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, inú wọn a sì máa dùn. Lẹ́yìn náà ni n ó wá bi wọ́n pé kí ni Clapperton náà ṣe. Ó yà kí olórí ìlú, ó sọ ẹni tí òun í ṣe àti ibi tí òun ń lọ, ó fún wọn ní ẹ̀bùn, ó sì dúró kí wọ́n tó fi í lé ọwọ́ ìlú tí ó kàn. Kò sí èyí tí ó ṣe láti ojú fèrèsé.

Kò pẹ́ tí a fi títì sílẹ̀ ni àwòrán ọ̀nà inú fóònù Àbúrò júwe ọ̀nà àbùjá kan fún wa. Ọ̀nà náà kọ́kọ́ dára. Nígbà tí ó yá, ó fún bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ó sì gbé wa dé abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí wọn lára pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin dìde lábẹ́ igi, wọ́n fi ìtì igi dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn kò kí wa. Ó bèèrè iye plọ́ọ̀tì tí a wá rà àti ẹni tí ó rán wa.

Àbúrò fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn padà. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì kí àwọn ọmọ náà kí ó tó dá wọn lóhùn.

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ìtọ́jú ìlú.”

Ó dárúkọ ara rẹ̀ àti agbo ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tọ́ka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí kálukú ti wá. Ó ní Ọ̀fàdà ni à ń lọ, ọ̀nà ni ó dàrú mọ́ wa lójú, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ wa ti tẹ ìlú, kò yẹ kí á gba iwájú ilé bàbá kọjá láìkí bàbá. Kí wọ́n jọ̀wọ́ mú wa dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Ẹni tí ó bèèrè plọ́ọ̀tì yìí kan náà ni ó dọ̀bálẹ̀, tí ó sì ṣíwájú wa.

Ẹ̀gbọ́n ké àgò lẹ́nu ọ̀nà, ohùn kan dáhùn láti inú ilé pé àgò yà. Wọ́n gbé omi wá fún wa, omi inú ọ̀rá ni. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé onílé ni í kọ́kọ́ tọ́ omi wò kí ó tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín pé omi ọlọ́ràá kò ṣeé tọ́ wò, ṣùgbọ́n kí á mu ún. Nígbà tí a mu ún tán, ó ní, “Ọkọ̀ tí ó ti wọ abúlé yìí kò níye. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ yín kí ẹ tó bèèrè iye tí ilẹ̀ jẹ́.”

“Bàbá, a kò tilẹ̀ bèèrè ilẹ̀.”

“Èyí náà tún jẹ́ tuntun.”

Lẹ́yìn ilé Baálẹ̀ ni a ti bá àwọn obìnrin nídìí irẹsì. Orúkọ Ọ̀fàdà ni irẹsì yìí ń jẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìletò ní àgbègbè Ọbáfẹ́mi-Òwódé ni wọ́n ti ń gbìn ín. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sá a sóòrùn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ. Rírẹ tí wọ́n rẹ ẹ́ ni ó ń fún un ní òórùn tí àwọn kan ń fi imú yín-ìn sí, tí àwọn mìíràn sì ń tìtorí rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rọ kì í bó èèpo inú rẹ̀ tán, ìdí nìyí tí ilà pupa fi ń wà lára rẹ̀. Orí ilẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa á tí wọ́n sì ti ń sá a, nítorí náà ẹni tí ó bá ní òun ń jẹ irẹsì Ọ̀fàdà láti kékeré, tí eyín rẹ̀ kò sì kan òkúta rí, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Ará Kétu fi ẹ̀ka èdè tirẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ, ẹ̀rín gba ilé. Ìyá àgbà kan nínú wọn na ọwọ́ sí ògiri búlọ́ọ̀kù tí a rí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ibẹ̀ ni ìyá òun ti ń gbin irẹsì. Ní báyìí òun ní láti gun ọ̀kadà kí òun tó dé oko. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára irẹsì bí ó ti ń sọ ọ́. A ra kóńgò mélòó kan, wọ́n sì fi ewé eéran di ti ará Kétu lọ́tọ̀, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Èrò tèmi nìyí. Ilé àwọn Yorùbá kò fìgbà kan rí ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tí kò sọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ ni í kọ́kọ́ kí ẹni tí ó bá nílẹ̀. Òun ni í ké àgò, òun ni í sọ ibi tí ó ti wá. Omi kò ní í jáde láti inú ilé kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, arìnrìn-àjò gbé ojúṣe tirẹ̀ jù sílẹ̀, ó sì ń bèèrè omi síbẹ̀. Àwọn ajàgungbalẹ̀ wá fi àdá àti ìbọn ba ìyókù jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe òfin ní ọdún 2016 láti dá gbígba ilẹ̀ pẹ̀lú ipá dúró. Ìtì igi tí àwọn ọmọ náà gbé dí ọ̀nà, iṣẹ́ oníbodè ni ó ń ṣe. N kò lè bá wọn wí.

Àwa olùkọ́ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ. À ń kọ́ àwọn ọmọ pé “àroko bọ́dún dé o” ni à ń kí àgbẹ̀, pé “àrẹ̀dú o” ni à ń kí aláró. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ sínú ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni a ti mú dé etí oko rí, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n kí àgbẹ̀, kí àgbẹ̀ sì dá wọn lóhùn? Mówè kò jìnnà sí Èkó. Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mówè.

A kò pẹ́ ní Ọ̀fàdà àti Òwódé. A gba Ṣíún já sí Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó ní 1830. A kò gun Olúmọ, orúnkún Ẹ̀gbọ́n kò gbà fún un. Ní ìlú yìí ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Lára ohun tí ó ń tẹ̀ jáde ni ìròyìn àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó dé àti àwọn tí ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun náà jẹ oyè oníbodè nìyẹn.

Nígbà tí a kọjú sí gúúsù, eruku Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, ni ó kí wa káàbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Ìdógò, Ifọ̀ ni à bá ti pínyà, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀ka náà ti yà gba Ìlarò. Pápálántò ni ti ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àbúrò ní kí á já ará Kétu sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kí á tètè máa lọ, nítorí Ìbafò yóò ti kún fún ọkọ̀ kí á tó gba Èkó yí padà sí Mówè. Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Ó gbé àpò ará Kétu, ó ń bá a lọ. Ẹlòmíràn a máa sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà, ẹlòmíràn a sìn ín dé odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn àlejò rẹ̀ a sìn ín títí àlejò yóò fi ní ó tó, kí ó padà. A dúró títí ọkọ̀ Ìlarò fi kún, tí ó sì lọ.

Ní alẹ́ ni ó pè wá láti Kétu. Ẹ rántí pé nítorí irẹsì tí ń gba ẹ̀yìn wọlé, pẹ̀lú àwọn ọjà mìíràn, ni ìjọba wa ṣe ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Òṣìṣẹ́ kan ní ibodè tú àpò rẹ̀, ó rí irẹsì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irẹsì tí ń wọlé ni òun mọ̀, òun kò rí èyí tí ń jáde rí. Ó bi í níbi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ. Ọ̀rẹ́ wa dárúkọ ara rẹ̀ àti baba rẹ̀, ó sọ abúlé tí ó ti ra irẹsì náà àti bí a ti dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà tún ewé rẹ̀ dì, ó fi í sínú àpò, ó sì ní kí ó kí àwọn ará ilé.