Àjẹsára fún Ẹni Tí Ń Bá Wa Tọ́mọ

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ìyá bá kọrí sí ọjà tàbí sí ọ́fíìsì, ọmọ ọ̀dọ̀ ni í pọ̀n ọmọ, òun ni í fún un ní oúnjẹ, òun náà ni í sì tẹ́ ẹ sùn. Nítorí náà, bí ẹ ti ń bèèrè ìwà àti ìlú ẹni tí ẹ fẹ́ gbà sílé, ó yẹ kí ẹ bèèrè nípa àjẹsára rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ líle kì í bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 6. A ó tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ti ìta, tí àwọn mìíràn ń pè ní èéyi, di oṣù 9, èkejì sì di oṣù 15. Kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé, àwọn tí ó yí ọmọ ká ni odi rẹ̀. Ikọ́ tí àgbà kò kà sí lè gba èémí lọ́wọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 4.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Ẹ bèèrè káàdì àjẹsára. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì dójú tì í. Ẹ mú un lọ sí ibùdó ìlera kí nọ́ọ̀sì lè sọ èyí tí ó yẹ kí ó gbà.

2. Obìnrin tí ó ti tó bímọ ní láti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ìgbà 5: èkejì ní ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn èkíní, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kẹrin lẹ́yìn ọdún kan, ìkarùn-ún lẹ́yìn ọdún kan mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ àti ọmọ tí yóò bí ni èyí ń dáàbò bò.

3. Ẹni tí ń wúkọ́ kò gbọdọ̀ gbé ọmọ-ọwọ́. Bí ikọ́ náà bá tó ọ̀sẹ̀ 2, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife, nítorí abẹ́rẹ́ tí a gbà ní kékeré kì í dènà rẹ̀ pátápátá lára àgbà. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

4. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fi àyè gbà á kí a gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lóde ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin ẹbí, ẹni ọdún 9 sí 14, bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó gba àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2023. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀yin tí ẹ gbà á síṣẹ́ ni kí ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì yọ ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Àrùn kan wà tí kò tíì ní àjẹsára, pàápàá ibà Lásà tí ó ń da ìpínlẹ̀ Òǹdó láàmú. Ẹ kọ́ gbogbo ará ilé láti máa bo gààrí àti oúnjẹ kí eku má bà á dé ibẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Bí ọjọ́ àjẹsára bá tún kò, ẹ mú káàdì méjì lọ: ti ọmọ, àti ti ẹni tí ń pọ̀n ọ́n.